Oníjẹnẹrétọ̀ lábẹ́ fọ́tò Bàbá wa

Ẹnìkan ń ta jẹnẹrétọ̀ lórí òkú bàbá mi!

Ẹ mọ ojú ewé tí mo fọwọ́ ara mi ṣe sórí íńtánẹ́ẹ̀tì nígbà tí Bàbá wa kú, kí àwọn ará òkè òkun lè ríbi kí wa sí. Mo ṣí i lónìí ní káfè kan ní CMS. Ohun tí mo bá níbẹ̀ rèé:

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Jẹnẹrétọ̀ tòkunbọ̀ tí kì í pariwo wà lọ́dọ̀ wa."

Mo pa á rẹ́ lánàá o! Ó kàn yí orúkọ padà, ó tún kọ ọ́. Lábẹ́ fọ́tò Bàbá!

Tìbínú-tìbínú ni mo fi délé ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Mo sọ fún Màmá wa pé mo tún máa pa á rẹ́.

"Ṣé ó kí wa kú ará fẹ́ra kù?"

"Ó kí wa, mà, ṣùgbọ́n ọjà ló ń tà!"

"A kì í lé ẹni tó wá báni kẹ́dùn. Fi sílẹ̀."

Wọ́n tún bi mí pé:

"Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní London ńkọ́? Kí ló kọ síbẹ̀?"

Torí Bọ̀dá gan-an ni mo ṣe ṣe ojú ewé yẹn, nítorí wọn ò lè wá síbi ìsìnkú. Wọn ò tíì kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Oníjẹnẹrétọ̀ ń kí wa lójoojúmọ́!

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ni kí n bínú sí báyìí? Ẹ fèsì.

Bọ̀dá, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń ka ohun tí mo kọ yìí. Ẹ̀yin náà, ẹ fèsì.