Ohùn Bàbá Mi àti Etí Àbúrò Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí Agége kò tíì di ilé lórí ilé báyìí, ọwọ́ la fi ń wọ ilé ìwé. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò ní ìwé ìbí. Ìyá ẹni á ní ọdún tí ìjì ṣí òrùlé ilé báyìí ni wọ́n bí ọmọ yìí; tíṣà wo ló máa fi ìyẹn ṣírò ọjọ́ orí? Nítorí náà, wọ́n á ní kí o na ọwọ́ ọ̀tún rẹ gba àárín orí kọjá, kí o fi kan etí òsì. Bí ìka rẹ bá kan etí, o ti tó ilé ìwé nìyẹn. Bí kò bá kàn án, kí o padà sílé lọ máa jẹun. Gbogbo ìdánwò tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìwé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi, ọwọ́ mi kúrú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí mi, kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n mú mi lọ, ó kù díẹ̀ kí ìka mi kan etí, hẹdimásítà sì ní kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Mo sunkún títí a fi délé. Nígbà tí ọdún náà yípo, àbúrò mi ọkùnrin tẹ̀ lé wa láti wòran lásán. Ó ga, apá rẹ̀ gùn bíi ti bàbá wa. Hẹdimásítà rí i, ó ní kí òun náà dán an wò. Ọwọ́ rẹ̀ gba orí kọjá, ó di etí mú ṣinṣin. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gba àwa méjèèjì sínú kíláàsì kan náà, èmi ẹ̀gbọ́n àti òun àbúrò. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé wa ṣe rí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí fìdí sí. Yàrá méjì la ní lẹ́bàá ojú irin. Bí rélùwéè bá ń kọjá, ife á máa gbọ̀n lórí tábìlì, ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ á ní láti pariwo kí a tó gbọ́ ọ. Bàbá wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ ní Ìkẹjà. Ariwo àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ kì í dáwọ́ dúró tọ̀sán-tòru, àwọn òṣìṣẹ́ a sì máa kígbe mọ́ ara wọn kí wọ́n tó lè gbọ́ra. Bàbá wa kì í rántí fi ohùn yẹn sílẹ̀ ní géètì bó bá ń bọ̀ wálé. Bó bá ní "Ẹ kú ilé o!", ará ilé kẹta ni yóò dáhùn. Bó bá ní kí a gbé omi wá, àlejò á rò pé ìjà ti dé. Ìyá wa náà kò sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ rí. Búrẹ́dì ló ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ẹni tó bá ń polówó fún èrò tó wà nínú ọkọ̀ ojú irin kò lè máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ilé ariwo ni ilé wa, ó sì dùn ún gbé.

Nínú ilé yẹn, kò sí ọmọ tó gbọ́n tó àbúrò mi. Ìtàn tí bàbá wa bá sọ lẹ́ẹ̀kan, yóò tún un sọ, yóò tún bu iyọ̀ sí i. Ní ilé kéwú tí a ń lọ ní ìrọ̀lẹ́, òun ni aáfà máa ń pè kó ka wàláà fún àwọn yòókù. Ẹ̀yin náà mọ ilé kéwú: gbogbo ọmọ á fẹnu kan náà ké e, aáfà á sì ké ju gbogbo wọn lọ. Ní kíláàsì kìíní ní ilé ìwé náà, kò sí ìṣòro. Obìnrin ni tíṣà wa, bó bá la ẹnu pe "A!" àwọn ewúrẹ́ á sá kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Kíláàsì kejì ni wàhálà dé. Tíṣà wa níbẹ̀, ọkùnrin ará Èkìtì kan, ènìyàn pẹ̀lẹ́ ni. Nínú gbogbo tíṣà ilé ìwé yẹn, òun nìkan ni kì í na ọmọ, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. A fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń fi àwọn ọmọ tó ga sí kí wọ́n má baà dí àwọn kúkúrú lójú, nítorí náà èmi wà níwájú, àbúrò mi wà lẹ́yìn pátápátá lẹ́bàá ògiri. Bí tíṣà bá ń pe ọ̀rọ̀ kí a kọ ọ́ sílẹ̀, àbúrò mi á máa yọjú wo ìwé ẹni tó jókòó tì í, wọ́n á ní ó ń jí i wò. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á dákẹ́, á tẹjú mọ́ ẹnu tíṣà. Nígbà mìíràn á dáhùn ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í, kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní olódo. Bí a bá ń relé, àwọn ọmọ á máa fi kọrin lẹ́yìn wa, àbúrò mi á sì máa bá ọ̀nà lọ bí ẹni tí wọn kò bá wí. Mo rò pé ìgboyà ni. Èmi ni mo máa ń yíjú padà bá wọn jà.

Ohun tó wá ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ni pé gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ó gbọ́n nílé. Ká ní ó gọ̀ níbi gbogbo ni, wọn ì bá ṣàánú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó mọ kéwú, tó mọ ìtàn, tó wá di odi níwájú tíṣà, kí la ó ti pè é bí kì í bá ṣe olóríkunkun? Ìyá wa bẹ̀ ẹ́, bàbá wa nà án. Nígbà tó yá, bàbá wa ní òun kò lè máa fi òógùn ojú òun ṣòfò, pé bó bá tún fìdí rẹmi ní òpin táàmù yẹn, yóò lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń lu ara mọ́tò ní òdìkejì ojú irin. Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ yẹn, n kò bú u. Ṣùgbọ́n ọmọ kékeré ni àbúrò mi, ìwé ló sì ń wù ú. Ìwé kíkà mi ni ó máa ń gbà lọ́wọ́ mi ní ìrọ̀lẹ́, á kà á kọjá ibi tí wọ́n kọ́ wa dé. Lójoojúmọ́ tí òòlù bá ń dún ní òdìkejì yẹn, á dà bíi pé àbúrò mi ló ń pè.

Ó kù díẹ̀ kí táàmù parí ni tíṣà ránṣẹ́ pe bàbá wa. Ó fẹ́ kí bàbá fojú ara rẹ̀ rí i, kí wọ́n má baà sọ pé òun kórìíra ọmọ náà. Iṣẹ́ òru ni bàbá wa ti ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, fọ́nrán òwú lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, gbogbo wa dìde kí i. Tíṣà pe àbúrò mi bọ́ sí àárín. Ó kọjú sí pátákó, ó ń kọ ìṣirò lọ, ó sì ń bi í léèrè bó ṣe ń kọ ọ́.

"Méje lọ́nà mẹ́ta, èló ni?"

Àbúrò mi ń wo ẹ̀yìn tíṣà, kò fọhùn. Tíṣà tún bi í, kò fọhùn. Ojú ti bàbá wa. Láti ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ ló ti fi ohùn ilé iṣẹ́ kígbe mọ́ ọn: "Wọ́n ní méje lọ́nà mẹ́ta, èló ni!"

"Ọ̀kànlélógún, sà," ni àbúrò mi wí kíá.

Tíṣà yíjú padà. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má sọ ìdáhùn fún un."

"Ìdáhùn kẹ̀? Èmi tí n ò kàwé! Ìbéèrè yín náà ni mo tún sọ fún un o, tíṣà."

Tíṣà tún bi í ní mẹ́jọ lọ́nà mẹ́rin. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Bàbá wa tún un sọ, ariwo rẹ̀ kò tíì kúrò nínú yàrá tí àbúrò mi fi ní méjìlélọ́gbọ̀n. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré ni. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, mo rò pé ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ó gbé ọwọ́ sókè kí bàbá dákẹ́, ó rọra lọ dúró sẹ́yìn àbúrò mi, ó pe orúkọ rẹ̀. Àbúrò mi ń wo bàbá wa, kò mira. Ó tún sún mọ́ ọn, ó tún pè é, kò dáhùn. Ó wá pàtẹ́wọ́ kan lẹ́bàá etí òsì rẹ̀, etí yẹn gan-an tí ọwọ́ rẹ̀ kàn lọ́jọ́ tí wọ́n gbà wá wọlé. Kò ṣẹ́jú. Ìgbà tó pàtẹ́wọ́ sí ti ọ̀tún ni ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀yìn, ẹnu yà á pé ẹnì kan wà níbẹ̀.

Tíṣà jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa. "Bàbá, ọmọ yìí kò gbọ́ mi," ló wí. "Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kò gbọ́ mi rí."

Bàbá wa ní irọ́ ni, pé ojoojúmọ́ ni òun ń bá a sọ̀rọ̀, tó sì ń dá òun lóhùn. Bó ṣe sọ ọ́ tán ló yíjú wo àbúrò mi. Mo rí i lójú rẹ̀ nígbà tó yé e pé igbe òun ni ọmọ náà ń gbọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tí bàbá mi sọ̀rọ̀ bí àwọn ènìyàn mìíràn ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo sì nà án."

Àbúrò mi yíjú sí mi, ó ní, "Kí ni bàbá sọ?"

Ní ọsibítù ní Ìkẹjà, wọ́n ní ọyún tó ń jáde ní etí rẹ̀ nígbà tó wà ní ọwọ́ ló bà á jẹ́, pé ti òsì ti kú, ti ọ̀tún sì ń gbọ́ díẹ̀. Ìyá wa rántí etí tó ń ṣọyún yẹn dáadáa, òun ló ń fi òwú nù ún. Tíṣà mú àbúrò mi wá síwájú, ó kọ etí ọ̀tún ọmọ náà sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, kò sì kọjú sí pátákó sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn kúkúrú kùn pé ó ń dí àwọn lójú, tíṣà ní kí wọ́n sún. Nígbà tí táàmù parí, kò gba ipò kìíní o, ẹ má retí ìyẹn lọ́dọ̀ mi. Ó yege, ọ̀rọ̀ òòlù sì parí síbẹ̀. Iṣẹ́ ayàwòrán ilé ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí bàbá wa darúgbó tí etí tirẹ̀ náà di, àbúrò mi ló máa ń jókòó tì í bí àlejò bá dé, á máa fi ohùn ilé iṣẹ́ tún ọ̀rọ̀ wọn sọ fún un.

Lọ́dún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí tún kàn mí. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó ń lọ sí ilé ìwé kan lẹ́bàá Ọ̀mọ̀lé, kò mọ ìwé kà bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ilé ìwé ní kí a gbé e lọ fún àyẹ̀wò, níbi tí wọ́n ti ń wo bí ọmọ ṣe ń ronú, bó ṣe ń rántí nǹkan, àti ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Ọmọbìnrin mi ń sunkún. Ọkọ rẹ̀ fárígá. "Màmá, ṣé ẹ ò rí i pé wọ́n fẹ́ fi tẹ́ẹ̀sì sọ ọmọ mi di dìndìnrìn ni?" Mo ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Mo ní wọ́n ti fi ẹnu lásán sọ ẹnì kan di dìndìnrìn rí níṣojú mi, láìsí tẹ́ẹ̀sì kankan. Mo wé gèlè mi, mo bá wọn lọ.

Ìkẹjà náà ni. A gba iwájú ibi tí ilé iṣẹ́ bàbá wa wà nígbà náà kọjá; wọ́n ti fi ṣe ilé ìkẹ́rùsí báyìí, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò náà kò tíì mú nǹkan kan jáde tó fi bi ọmọbìnrin mi pé, "Ṣé wọ́n ti yẹ etí àti ojú ọmọ yìí wò?" Mo ní láti kọjú sí fèrèsé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi wá nìyẹn o, kó tó kan ìwé, kó tó kan ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ló bá ọmọ náà ṣeré pẹ̀lú bíríkì kéékèèké, ó fi àwòrán hàn án, ó sọ ìtàn kó tún un sọ. Nígbà tí èsì jáde, ọpọlọ rẹ̀ jí pépé. Lẹ́tà ló máa ń dàrú mọ́ ọn lójú. Wọ́n sọ bí a ó ṣe máa kọ́ ọ, wọ́n ní kí ilé ìwé fún un ní àkókò sí i nígbà ìdánwò. Ó ti ń kàwé díẹ̀díẹ̀ báyìí. Bàbá rẹ̀ tó fárígá ni ó ń jókòó tì í.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọmọ Agége ló ń rí irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kíláàsì ṣì wà tí àwọn ọmọ há mọ́ra, tí ẹni tó wà lẹ́yìn wà lẹ́yìn. Síbẹ̀ ayé ti yí, ó kéré tán ẹ ti mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ béèrè. Láyé tiwa, bí ọwọ́ bá ti kan etí, ó parí.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí èsì náà jáde, mo pe àbúrò mi lórí fóònù, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ títí. Mo rò pé kò gbọ́, mo gbé ohùn sókè, mo fẹ́ tún un sọ.

"Mo gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Mo kàn ń rò ó ni pé, ká ní bàbá wa máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ ńkọ́?"