Ẹ̀gbẹ́ Tí Kò Dáhùn Mọ́

Nígbà tí wọ́n yọ wá kúrò lára Kwara, tí wọ́n fi wá sí Kogi, wọ́n gbé iṣẹ́ mi láti Ìlọrin wá sí Lọ́kọ́ja. Ohun rere kan ṣoṣo tí mo kọ́kọ́ rí nínú ìpínlẹ̀ tuntun náà ni pé Kábà, ìlú wa, súnmọ́ mi. Àga kò tó ní ọ́fíìsì wa, èmi náà kò sì tíì ríbi sùn dáadáa, nítorí náà, bí ọjọ́ Jímọ̀ bá ti dé, mo ti sá lọ bá ìyá mi nílé.

Ìyá mi ti di opó nígbà náà. Ọ̀rọ̀ kan ló wà lẹ́nu rẹ̀: Mísà Látìn. Òun àti àwọn ìyá àgbà mélòó kan nínú ìjọ wa ti lọ bẹ Fadá pé kí ó jẹ́ kí a kọ Mísà bí a ti ń kọ ọ́ nígbà àwọn Fadá òyìnbó. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú díẹ̀. Mo ní, "Iye, a ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, ẹ tún fẹ́ kó wa padà síbẹ̀?" Ó ní ṣé gbogbo ohun tí ìjọba ń sọ ní Lọ́kọ́ja ló ń yé mi, tí mo fi ń bá wọn ṣiṣẹ́.

Fadá wa kò kọ̀. Ọ̀dọ́ ni, Látìn sì ti kúrò nílẹ̀ kí ó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà. Ó ní Bíṣọ́ọ̀bù ti fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́ òun ní orin rẹ̀. "Bí ẹ̀yin ọmọ ìjọ bá lè kọ Kírédò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, èmi á ṣe ìyókù. Bí ó bá já, a ó máa bá Yorùbá wa lọ, ẹ kò sì ní yọ mí lẹ́nu mọ́." Kírédò ni ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, kò sì sí orin Mísà tó gùn tó o.

Kò pẹ́ tí a fi rí ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Láyé ọjọ́un, apá ọ̀tún ni ọkùnrin ń jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin a wà lápá òsì. Ọkùnrin á kọ ẹsẹ kan, obìnrin á fi èyí tó tẹ̀ lé e dáhùn, bẹ́ẹ̀ títí dé àmín. Àwọn ìyá wa mọ ẹsẹ tiwọn bí ẹní mọ orúkọ ọmọ. Àwọn ọkùnrin ìjọ tó mọ ti ọkùnrin ti kú tán. Ọ̀rọ̀ wà nínú ìwé Fadá, àmọ́ kò sí ẹni tó lè ka àmì ohùn orí rẹ̀. Ìyá mi gbìyànjú láti kọ ti ọkùnrin, ohùn rẹ̀ kàn ń yà sí tirẹ̀ ni.

"Ìgbà tí wọ́n bá ń kọ tiwọn, èmi ń mí ni," ó ní. "Bàbá rẹ ló máa ń wà lódìkejì. Kí a tó fẹ́ra, ibẹ̀ la ti ń dá ara wa lóhùn. Mo fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ yẹn dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo ti rò pé agídí àgbà lásán ni.

Òun náà ló rántí Alájì. Àgbà Mùsùlùmí tó ń ṣòwò gbánja ni, òun àti bàbá mi sì jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ilé ìwé Fadá. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ti lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọrin, ẹ̀sìn yòówù kó máa ṣe.

"Okun o, ìyàwó," ni Alájì fi kí ìyá mi. Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí a bá wá, ó ń ṣa gbánja rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, n kò ní fi sẹ́nu mọ́, ẹ̀sìn mi kò gbà á. Ohùn rẹ̀ ni mo lè fún yín."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Ní ọjọ́ Sátidé, àwa ọkùnrin a há ara wa mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Alájì á panu dé, á máa fi imú gbé ohùn, àwa á máa to ọ̀rọ̀ Látìn lé e lórí. Bí a bá ṣì í, á gbá apẹ̀rẹ̀ gbánja, á ní, "Ẹ̀yin Kátólíìkì, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí Mùsùlùmí máa rán yín létí ìgbàgbọ́ yín." Bí ládàánì bá ti pe ìrun, á dìde, ẹ̀kọ́ parí nìyẹn. Ibì kan wà, níbi tí orin ti ń sọ pé Jésù sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run, tí Alájì máa ń fa ohùn náà títí èémí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú wa. Mo ní ó ti gùn jù. Ó ní bí òun ṣe gbọ́ ọ nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn obìnrin ti ń kọ́ tiwọn, nítorí náà, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì gan-an ni ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kọ́kọ́ pàdé. Ẹsẹ ń tẹ̀ lé ẹsẹ, orin kò já. Nígbà tí a dé ibi ìsọ̀kalẹ̀, a fà á bí Alájì ti ń fà á. Obìnrin ló ni ẹsẹ tó kàn, orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kọ ọ́. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbé e, àwa ṣì ń fa ohùn tiwa lọ. Ìyá mi nìkan ló dúró. Ó ń wo apá ọ̀dọ̀ wa, ó dúró títí ohùn wa fi délẹ̀, ó rọra kúnlẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ náà. Àwọn yòókù dákẹ́, wọ́n gbà á lẹ́nu rẹ̀. Orin mì díẹ̀, ṣùgbọ́n kò já. A ṣe àmín, Fadá sì fi Látìn bá Mísà lọ.

Lẹ́yìn Mísà, Fadá ń rẹ́rìn-ín, ó ní ó dà bí ẹni pé ohùn wa gùn ju ọ̀rọ̀ inú ìwé lọ níbì kan. Ìyá mi ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Fadá."

Bí a ti ń lọ sílé, mo ní Alájì ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀.

"Ti bàbá rẹ ni," ó ní. "Òun nìkan ló máa ń fà á báyẹn. Fadá òyìnbó bá a wí títí, ó sú u. Alájì ló sì ń jókòó tì í." Ó fi etí ìborùn nu ojú. "Ó dá mi lóhùn."

Ó ní kí a kọ́kọ́ yà kí Alájì, oúnjẹ lè dúró.