Àdúrà Elijah Bánkọ́lé Tí Kò Lóhùn

Ẹni tó bá gbé Ìjurin-Èkìtì láyé ìgbà kan kò nílò agogo láti jí. Ohùn Elijah Bánkọ́lé ló ń jí ìlú. Àgbà ìjọ ni ní CAC, òun ló ń darí àdúrà kùtùkùtù, bó bá sì ti ké Halelúyà àkọ́kọ́, àwọn adìyẹ á fò bọ́ sílẹ̀ látorí igi, lèmọ́mù gan-an á máa wá bàtà rẹ̀ kiri. A kò purọ́ mọ́ ọn. Ohùn náà ni iṣẹ́ rẹ̀, òun náà ni oyè rẹ̀, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju oko kòkó tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un lọ.

Àṣírù, tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ni ilé rẹ̀ kọjú sí ti Elijah. Wọ́n jọ dàgbà ni. Mùsùlùmí ni Àṣírù, Elijah sì máa ń pè é ní Alájì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mẹ́kà tí Àṣírù mọ̀ kò kọjá ti ara kàlẹ́ńdà. Àṣírù náà á pè é ní Wòlíì, bẹ́ẹ̀ ìjọ kò fi í joyè wòlíì rí.

Ní bí ọdún méjì sẹ́yìn, kókó kan yọ sí Elijah lọ́nà ọ̀fun. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Kókó lọ, ohùn bá a lọ. Èyí tó ṣẹ́ kù kò ju kí ewé gbígbẹ máa ha ara wọn lọ. Ìjọ gbààwẹ̀ fún un, wọ́n fún un ní omi àdúrà mu títí, ohùn kò padà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun á darí àdúrà náà bẹ́ẹ̀. Ó gbàdúrà parí, kò sẹ́ni tó ṣe àmín, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ti parí.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti lọ mọ́. Ruth, ìyàwó rẹ̀, wá ṣàkíyèsí pé kò kúnlẹ̀ nínú ilé mọ́ pàápàá. Ó bi í léèrè.

“Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́,” ni Elijah wí. “Ọlọ́run ò gbọ́ mi mọ́, Ruth.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Ruth wọra. Ọkùnrin tó ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ láti kékeré, tó wá dà bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta, kò sí bí kò ṣe ní í dunni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Elijah ń yí kòkó tó sá síwájú ilé, Àṣírù sì wá bá a. Ó ní Rodiyat, ọmọ òun tó ń ṣe tíṣà n'Ìbàdàn, ti bá àwọn kan kẹ́gbẹ́. Onígbàgbọ́ wà níbẹ̀, Mùsùlùmí wà níbẹ̀. Wọ́n á jọ jókòó, wọn ò ní í sọ nǹkan kan.

“Ọ̀rọ̀ bàbá Jámánì kan ló kó wọn jọ,” ni Àṣírù wí. “Bàbá náà ti kú láti bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún.”

“Mùsùlùmí ni?”

“Rárá o, tiyín ni. Àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì ni. Rodiyat ní ohun tó ń kọ́ wọn ni pé bí èèyàn bá kó ẹrù ara rẹ̀ kúrò nínú ọkàn, tó dákẹ́, Ọlọ́run á rí ibi jókòó níbẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ pè é lẹ́jọ́ nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì kú kí ẹjọ́ tó parí. Ṣùgbọ́n lónìí, onírúurú ẹlẹ́sìn káàkiri ayé ló ń fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ jókòó pọ̀.”

Elijah rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dún. “Alájì, ìwọ Mùsùlùmí lo wá ń kọ́ àgbà CAC ní ẹ̀kọ́ Onígbàgbọ́.”

“Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ẹ̀yin lẹ gbàgbé tiyín. Jẹ́ ká jókòó níwájú ilé rẹ ní Jímọ̀, tí mo bá ti kírun tán. Kò ní í pa ọ́ lára.”

Nítorí Àṣírù ni Elijah ṣe gbà. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó, Bíbélì wà lórí itan ọ̀kan, tẹ̀sùbáà wà lápò èkejì. Elijah kò gbọ́ nǹkan kan ju adìyẹ lọ.

Ibẹ̀ ni Hannah, obìnrin àdúgbò wọn kan, gbà kọjá, tó ru igi ìdáná bọ̀ látoko. Ó rí àwọn àgbà méjì tí wọ́n panu mọ́. Elijah Bánkọ́lé ló panu mọ́! Ní Ìjurin, bí àgbà bá jókòó pọ̀ níwájú ilé tí wọn ò sọ̀rọ̀, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ló ní. Hannah sọ igi kalẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, ẹ kú àmúmọ́ra,” ó wá ibì kan jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán. Kò béèrè ẹni tó kú. Ta ní í béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́fọ̀? Yóò fúnra rẹ̀ sọ. Àwọn tó ń kọjá rí Hannah, àwọn náà yà. Ẹnì kan ti lọ gbé omi pọ̀ọ́wọ́tà wá. Ìgbà tí Ruth máa jáde láti ilé ìdáná, iwájú ilé ti kún.

“Ta ló kú?” ni Ruth béèrè.

Wọ́n wo ojú ara wọn. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ẹ̀rín pa wọ́n débi pé omi bọ́ lójú Elijah. Ṣùgbọ́n omijé Hannah kì í ṣe ti ẹ̀rín. Ó ní ọmọ òun tó kú lọ́jọ́sí, ariwo àwọn tó ń tu òun nínú kò jẹ́ kí òun ráyè sunkún rẹ̀, òní lòun tó sun ún. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n á tún jókòó ní Jímọ̀ tó ń bọ̀.

Báyìí ni ìjókòó náà ṣe di ti èèyàn mélòó kan. Pásítọ̀ wá wò ó, ó ní òun ò rí ohun tó burú níbẹ̀, àfi pé ì bá dáa bí ariwo díẹ̀ bá lè wọ̀ ọ́. Elijah náà ń jókòó, ṣùgbọ́n kò gbà nínú ara rẹ̀ pé àdúrà ni. Lójú tirẹ̀, ìjókòó lásán ni, àdúrà òun ti bá ohùn òun lọ.

Nígbà ọyẹ́, Simiat, ìyàwó Àṣírù, ṣàìsàn díẹ̀, ó sì kú. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ìṣe Mùsùlùmí. Láyé ọjọ́un, bí òkú bá kú ládùúgbò, Elijah ni yóò kọ́kọ́ wọlé, àdúrà rẹ̀ á sì mi òrùlé. Ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn ara rẹ̀, ojú ń tì í.

“Bàbá Bọ́látitó, ṣé ẹ ò ní í lọ ni?” ni Ruth bi ọkọ rẹ̀.

“Kí ni mo fẹ́ lọ sọ?”

“Ohùn yín kọ́ ni Bàbá Rodiyat bá ṣọ̀rẹ́.”

Ó sọdá. Ilé Àṣírù kún, àwọn ààfáà ń ṣàdúrà, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà ń ṣàdúrà, olúkúlùkù ló ní ọ̀rọ̀ ìtùnú tirẹ̀. Àṣírù ń dá gbogbo wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú rẹ̀ kò sì sí lọ́dọ̀ wọn. Elijah jókòó tì í lórí ẹní. Kò sọ nǹkan kan. Àwọn èèyàn ń lọ díẹ̀díẹ̀, òun kò dìde.

Ó ku àwọn méjì. Wọ́n jókòó bí wọ́n ṣe ń jókòó ní Jímọ̀. Nígbà tó yá, èjìká Àṣírù bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó sunkún Simiat bí ọmọdé. Elijah fẹ́ràn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gan-an nígbà náà. Ọkàn rẹ̀ kò sí lórí ọ̀fun rẹ̀, kò sí lórí ìjọ, kò rántí ara rẹ̀ rárá. Simiat nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀, àti Àṣírù, àti Ẹni tó mọ àwọn méjèèjì.

Lẹ́yìn náà ló mí kanlẹ̀, ó sì gbé orí sókè. Kò yanu rárá.

Àṣírù fi etí agbádá nu ojú rẹ̀, ó yíjú sí i.

“Àmín,” ni Àṣírù wí.