Ọjọ́ Tí Mo Sọ Fún Dókítà Pé Kò Sí

Orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo yẹ̀ wò dáadáa, mo pa ìwé dé, mo sì sọ fún dókítà pé ohun tó ń wá kò sí. Lójú ara mi nígbà yẹn, irọ́ kọ́ ni mo pa. Mo rò pé mo ti jẹ́ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán mi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó kan ilẹ̀kùn iyàrá kan, tó wá wí pé kò sẹ́nìkan nínú agboolé, kò tíì wo agboolé. Ibi tí mo ti ṣì í nìyẹn. Mo sọ ọ́ ṣáájú kí ẹni tó ń kàwé yìí má baà máa káàánú mi lọ́nà kó tó débẹ̀.

Kí n tó mọ A mọ B ni mo ti ń gbé wàláà lọ sílé kéwú. Ohun tí àfáà wa tẹ̀ mọ́ wa létí jù ni pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gbé sí wa lẹ́nu, bí wọ́n ṣe gbé e sí i gan-an ni ká ṣe gbé e jáde. A ò gbọdọ̀ fi kún un, a ò gbọdọ̀ yọ nínú ẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹyọ kan kún un, pàṣán ń bẹ lábẹ́ ìtẹ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó dáa ni fún ibi tí wọ́n ti kọ́ mi. Èmi ni mo gbé e lọ síbi tí kò ti wúlò.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà jáde, n ò lè kà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ogun parí, tí Kwara ti di ìpínlẹ̀, tí wọ́n ń gba èèyàn síṣẹ́ káàkiri Ìlọrin, mo ríṣẹ́ nílé ìwòsàn kan, ní iyàrá ìkàwé àwọn dókítà. Iyàrá tóóró kan ni, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó fáìlì àwọn aláìsàn sí. Obìnrin ará Ọ̀mù-Àrán kan ni ọ̀gá mi níbẹ̀. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, orin ìsìn kì í kúrò lẹ́nu ẹ̀ tó bá ń to ìwé. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n nu eruku, kí n gbé ìwé wá, kí n gbé e padà, kí n sì máa bá a wá nǹkan nínú ìwé atọ́ka.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìwé atọ́ka jẹ́. Àwọn dókítà kárí ayé máa ń kọ ohun tí wọ́n bá rí lára aláìsàn sínú àwọn ìwé ìròyìn tiwọn. Ìwé ìròyìn wọ̀nyí pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè kà tán lọ. Àwọn kan lókè òkun wá ń ṣa àkọlé wọn jọ lọ́dọọdún, wọ́n ń tò wọ́n sábẹ́ orí ọ̀rọ̀ láti A títí lọ: orúkọ àìsàn, orúkọ oògùn, orúkọ májèlé. Ìwé náà nípọn bíi búlọ́ọ̀kù, lẹ́tà inú ẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà. Àkọlé nìkan ló wà ńbẹ̀. Tí a bá rí èyí tó jọ tiwa, a óò kọ̀wé sí Ìbàdàn pé kí wọ́n bá wa fi ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ránṣẹ́.

Ọ̀gá mi ní ọ̀nà tó ń gbà wá nǹkan. Ó ní tí dókítà bá béèrè, kí n kọ àwọn àkọlé tó wà lábẹ́ àìsàn sí apá kan ìwé, kí n kọ àwọn tó wà lábẹ́ ohun tí dókítà fura sí sí apá kejì. Àkọlé tó bá yọjú lápá méjèèjì, òun ni kí n dì mú. Tí ọ̀rọ̀ kan ò bá mú nǹkan wá, kí n wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá a tan. Tí ìwé bá sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n tún wo ibòmíràn, kí n lọ wò ó, kí n má ṣọ̀lẹ.

Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí a kì í kàn wo ibi tí dókítà bá ní ká wò nìkan. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ ilé kéwú, bí ewúrẹ́ ìyá ẹ bá sọnù, ẹnu ọ̀nà yín nìkan lo máa wá a dé? O ò ní dé ọjà Ìpàtà, kí o bi àwọn alápatà? Tí o bá wá a tì, wàá ní o ò rí i. O ò ní í wá jókòó kí o wí pé kò séwúrẹ́ láyé."

Ó wá sọ ojú ẹ̀ di ti ọ̀gá. "Má sọ fún dókítà láé pé kò sí. Sọ pé o ò rí i, kí o sì sọ gbogbo ibi tí o ti wá a."

Mo ní mo ti gbọ́, mà.

Ìyá ẹ̀ kú lọ́dún náà, ó gba ààyè, ó lọ sí Ọ̀mù-Àrán lọ sìnkú. Èmi nìkan ló kù. Àárín àkókò yẹn ni dókítà kan wọlé, ọ̀dọ́, kò tíì pẹ́ tó dé sáàárín wa. Ó ní àwọn ìkókó kan ń wọlé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ wọ́n lórúkọ, tí ẹyinjú wọn pọ́n yòò bíi pupa ẹyin. Ibà pọ́njú ni, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé òórùn káńfọ̀ ń jáde lára aṣọ tí wọ́n fi ń gbé wọn wá. Ó bu ìwé pélébé kan, ó kọ orúkọ àìsàn náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ káńfọ̀ sí i lábẹ́, lédè Gẹ̀ẹ́sì náà. Ó ní kí n bá òun wò ó bóyá ẹnìkan ti so méjèèjì pọ̀ rí. Ó ní tó bá wà, òun á kìlọ̀ fún àwọn aláboyún nígbà tí wọ́n bá wá fún ìtọ́jú lọ́jọ́ Àlàmísì.

Mo ṣí ibi tí káńfọ̀ wà. Àkọlé díẹ̀ ló wà ńbẹ̀, kò sí èyí tó kan ọmọdé. Mo ṣí ibi ibà pọ́njú. Ojú ewé kún fọ́fọ́, èyí tó pọ̀ jù ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ìyá tí kò bá ti ọmọ mu. Mo wò ó fìrí, n ò kọ nǹkankan sílẹ̀. Lókè níbẹ̀, ìwé ní kí n tún wo àwọn orí ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo rí i. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé dókítà ò rán mi lọ síbẹ̀. Ta ni mo jẹ́ tí n óò fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ dókítà? Kí n padà lọ bi í bóyá orúkọ mìíràn wà, ó dà bí àfojúdi lójú mi.

Nígbà tó padà wá, ó ní, "Ó wà?"

"Kò sí, sà."

"Kò sí rárá?"

"Rárá, sà."

Ó ká ìwé pélébé yẹn sọ́wọ́. "A jẹ́ pé imú mi ló ń tàn mí," ló wí, ó sì jáde. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ò kìlọ̀ fún àwọn aláboyún mọ́, nítorí òun ò fẹ́ kó ìpayà bá wọn lórí ohun tí kò sẹ́ni tó kọ nípa ẹ̀ rí.

Nílé wa lákòókò yẹn, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wà nínú oyún. Ó ti bí ọmọ kan rí, ojú ọmọ náà pọ́n, ọmọ sì lọ. Ata gbígbẹ ló ń tà ní Ìpàtà. Kì í pe orúkọ mi, torí ó bá mi nílé ọkọ. Akọ̀wé mi ló ń pè mí. Bí mo bá tibi iṣẹ́ dé, á ní, "Akọ̀wé mi, ẹ kú iṣẹ́ ìwé. Ẹ bá wa kọ ìrọ̀rùn tiwa síbẹ̀ náà." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Oúnjẹ tèmi kì í tutù sílẹ̀ tó bá wà nílé.

Ó bí obìnrin. Láti ọjọ́ ìbí títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ìró ìyá tó ti gbó ni wọ́n fi ń wé ọmọ nílé wa. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni aṣọ inú àpótí ń jáde. Ìyá mi ní ṣọ́ọ̀lù funfun kan tí wọ́n fi wé ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n fi wé èmi náà, tí wọ́n fi wé ọmọ tó lọ. Káńfọ̀ kì í wọ́n nínú àpótí yẹn, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Sátidé ni. Àwọn àfáà ti ń péjọ síta. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi yọjú sí mi, ó ní kí n bá òun gbé àpótí sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹpẹ. Èmi ni mo gbé e. Èmi ni mo ṣí i. Òórùn yẹn ta mí nímú, mo rántí dókítà. Ṣùgbọ́n mo ti wí pé kò sí, mo sì ti gba ara mi gbọ́.

Páálí káńfọ̀ tí wọ́n rà ní Táíwò Road wà ní ìsàlẹ̀ àpótí, ó kù díẹ̀ nínú ẹ̀. Mo mú un, mo kà á. Orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èyí tí dókítà kọ fún mi. Orúkọ gígùn mìíràn ni. Káńfọ̀ gidi ni gbogbo wa rò pé à ń rà, àwọn tó ṣe é ò sì pè é bẹ́ẹ̀. Mo dúró lórí ìyẹn. Mo wí lọ́kàn ara mi pé tó bá di Àtìní, tí mo bá délé iṣẹ́, n óò yẹ orúkọ yẹn wò. Mo dá páálí padà. Wọ́n gbé ṣọ́ọ̀lù jáde, wọ́n fi wé ọmọ, mo sì lọ bá wọn pín ẹran.

Ibí yìí gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn ju iyàrá ìkàwé lọ. Ní iyàrá ìkàwé, àìmọ̀ wà níbẹ̀. Lórí àpótí yẹn, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀.

Ní Àtìní, mo ṣí orúkọ gígùn náà. Kò gbà mí lákòókò rárá. Àkọlé kan wà lábẹ́ ẹ̀ tó dárúkọ ìkókó, tó dárúkọ ibà pọ́njú. Mo fò lọ sábẹ́ ibà pọ́njú tí mo ti wò fìrí. Àkọlé kan náà wà níbẹ̀, láàárín àwọn ti ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ọmọ, níbi tó ti wà látọjọ́ yìí. Ká ní mo ti to apá méjèèjì bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi, tàbí kí n tilẹ̀ fara balẹ̀ ka apá kan, ǹ bá ti rí i.

Mo gbé ìwé náà lọ bá dókítà ní wọ́ọ̀dù. Ó kà á, ó tún un kà.

"Èmi ni mo kọ orúkọ tí kì í ṣe tiẹ̀," ló wí.

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, sà. Èmi ni mo ní kò sí."

Ó wojú mi. "Ṣé ọmọ wà nílé yín ni?"

Mo sọ fún un.

"Lọ gbé e wá. Má dúró síbì kan."

Nígbà tí mo délé, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi jókòó sẹ́yìnkùlé, ó gbé ọmọ sí oòrùn. Wọ́n ní oòrùn àárọ̀ á fa pípọ́n yẹn jáde. Ó rí mi, ó fi ìró bo ojú ọmọ.

"Akọ̀wé mi," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún ẹ̀gbọ́n yín. Ojú ọmọ ti ń pọ́n. Kò mu ọmú láti àná."

Mo gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀, mo bọ́ ṣọ́ọ̀lù yẹn sílẹ̀, a sì lọ. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ara ọmọ náà nílé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n mi náà fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ọlọ́hun dá ẹ̀mí sí. Ní Àlàmísì tó tẹ̀ lé e, dókítà dúró níwájú àwọn aláboyún, ó ní kí wọ́n fọ aṣọ inú àpótí kí wọ́n sá a dáadáa kó tó kan ara ọmọ, kí wọ́n sì yé fi káńfọ̀ yẹn sáàárín aṣọ ìkókó. Àwọn mìíràn rẹ́rìn-ín sí i. Àwọn mìíràn gbọ́.

Ọ̀gá mi dé láti Ọ̀mù-Àrán, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Kò bú mi. Ohun tó bi mí ni pé, "O ní kò sí, àbí o ní o ò rí i?" Mo ní mo ní kò sí. Ó padà sídìí ìwé tó ń tò. N ò gbọ́ orin lẹ́nu ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn la tó mọ̀ pé etí ẹ̀ ò gbọ́ nǹkan. Bí ẹ bá pè é látẹ̀yìn, kò ní yíjú. Ìyá ẹ̀ ni ó kọ́kọ́ wá ọgbọ́n sí i: á fi ẹsẹ̀ kilẹ̀, ọmọ á mọ̀ ọ́n lára, á sì yíjú. Gbogbo ilé ló ń kilẹ̀ fún un báyìí. Ó ti tó lọ sílé ìwé, a sì ń wá ibi tí wọ́n á ti gbà á. Tó bá fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ mi, á fa ẹ̀wù mi.

Dókítà ní ibà pọ́njú tó bá le lè di ìkókó létí. Mo bi í bóyá ká ní a ti tètè mọ̀, etí ẹ̀ ì bá má di. Ó ní òun ò lè búra. Èmi náà ò lè búra.

Ṣùgbọ́n àwọn ìyá inú agboolé ti dájọ́ tiwọn. Wọ́n ní rírìn tí ìyá ọmọ ń rìn lọ́sàn-án gangan lọ sí Ìpàtà pẹ̀lú oyún nínú ló fà á, pé ọ̀ràn ata ló mú lọ́kàn ju ọ̀ràn ọmọ lọ. Ìyá mi wà lára àwọn tó ń wí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ. Nígbà tó tún lóyún, ó dá ọjà dúró fúnra ẹ̀, ó jókòó sílé. Èmi nìkan nínú ilé yẹn ni mo mọ̀ pé oòrùn ò jẹ̀bi, pé ọjà ò jẹ̀bi. Mo fọ gbogbo aṣọ inú àpótí kí ọmọ yẹn tó dé, mo sọ pé dókítà ló ní ká fọ̀ ọ́. Òótọ́ ni. Kì í ṣe gbogbo òótọ́.

Bí n óò bá sọ èyí tó kù, n óò sọ ọ́ lójú ìyá mi, pé ṣọ́ọ̀lù tó fi tìfẹ́tìfẹ́ tọ́jú wà lára ohun tó fà á, ìyá mi sì ti dàgbà. N óò sì sọ pé ọwọ́ mi ló gbé àpótí sọ̀. Mo ti ṣí ẹnu lẹ́ẹ̀mejì, mo pa á dé.

Lánàá, mo tibi iṣẹ́ dé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbé oúnjẹ fún mi, ó gbóná. "Akọ̀wé mi, ẹ kú iṣẹ́ ìwé," ló wí. Mo jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo jẹ ẹ́ ní gbèsè, n ò tíì san án.