Ìyá Fọ̀mọ́ àti Wàrà Tó Ń Ṣù Pọ̀

Bí ẹ bá rí màlúù tí wọ́n wẹ̀ fún kó tó jẹun àárọ̀, ẹ má bèèrè ẹni tó ni ín. Ti Ìyá Fọ̀mọ́ ni. Màlúù mẹ́ta péré ló ní, ṣùgbọ́n ọṣẹ tó ń lò lórí wọn á tó ilé mẹ́wàá lò. Àwọn aládùúgbò ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí pé bó bá gbá ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ tán, á gbá ti ẹlòmíràn mọ́ ọn, á sì tún bú onítọ̀hún.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn ún wọra lọ́jọ́ tí wọ́n dá wàrà rẹ̀ padà. Ní ilé tí wọ́n ti ń gba wàrà, ọkùnrin kan wà tó máa ń bu díẹ̀ sínú ife kékeré, á da sípíríìtì sí i, á sì mì ín. Bó bá ń ṣàn geere, wọ́n á gbà á. Bó bá ṣù pọ̀, ó ti fẹ́ kan nìyẹn, ẹni tó gbé e wá á gbé e padà. Ti Ìyá Fọ̀mọ́ ṣù pọ̀. Ó ní màlúù dúdú ló jẹ koríko burúkú. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún ṣù pọ̀.

Ọkùnrin náà ní, “Màmá, ẹ má bínú o. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹlòmíì la máa fi sí àyè yín.”

Wàrà yìí nìkan ló kù tó ń bọ́ ilé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ẹ̀rù bà á. Àmọ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà tí kò fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀, ẹni tó máa nàka sí ló máa ń wá. Ó bá kọjú sí ìyàwó ọmọ rẹ̀, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó wọlé.

“Látòní lọ, má sún mọ́ ibi tí mo ti ń fún wàrà mọ́. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fọ nǹkan nílé yín.”

Ìyàwó kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, Màmá. Kẹ́ẹ̀gì yẹn, báwo lẹ ṣe ń fọ inú ẹ̀?”

Kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu tóóró kan ni, ó ti pé ọdún mẹ́fà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bíi bàtà tuntun.

“Mo máa ń da omi ọṣẹ sí i, mo máa ń mì ín!”

“Ọwọ́ yín ti wọ ibẹ̀ rí?”

“Ọwọ́ ta ló fẹ́ wọ ẹnu kẹ́ẹ̀gì? Ṣé èkúté ni mí ni?”

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ ìyẹn fún ìyá ọkọ? Ìyàwó kàn bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n pín wàrà ọjọ́ kejì sí méjì. Ìdajì á wọ kẹ́ẹ̀gì. Ìdajì tó kù á wọ garawa olómorí tí òun máa fi omi híhó ṣàn, tí òun á sì gbé kalẹ̀ sínú omi tútù títí wọ́n á fi lọ. Ìyá Fọ̀mọ́ gbà. Ó fẹ́ kí ti ọmọ náà ṣù pọ̀ lójú ayé ni, kó lè pa ẹnu mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà dán méjèèjì wò. Ti kẹ́ẹ̀gì ṣù pọ̀. Ti garawa ń ṣàn geere.

“Ta ló ni kẹ́ẹ̀gì?”

Gbogbo ìlà àwọn tó gbé wàrà wá na ọrùn. Kí Ìyá Fọ̀mọ́ tó la ẹnu, ìyàwó ti dáhùn: “Èmi ni. Màmá ló ni garawa.”

“Ọ̀bùn!” obìnrin kan pariwo lẹ́yìn wọn. Wọ́n fi ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ orí ba.

Ká má parọ́, ó kọ́kọ́ dùn mọ́ Ìyá Fọ̀mọ́ nínú. Àyè rẹ̀ ò bọ́, orúkọ rẹ̀ ò bàjẹ́. Àmọ́ nígbà tó wo ọmọ ọlọ́mọ tó ń gba èébú tí kì í ṣe tirẹ̀, ojú tì í, ó sì gbá kẹ́ẹ̀gì náà mú.

“Ẹ fún mi lọ́bẹ!”

Ó da wàrà inú kẹ́ẹ̀gì náà nù, ó sì là á sí méjì. Èépá wàrà gbígbẹ, ràkọ̀ràkọ̀, ló lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Òórùn rẹ̀ lé gbogbo ìlà sẹ́yìn.

“Èmi ni mo ni ín,” ó ní. “Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń fọ ẹ̀yìn ẹ̀. Ìyàwó wa ló ni garawa. Ẹ pa orúkọ mi rẹ́ nínú ìwé yín, ẹ kọ tiẹ̀ síbẹ̀.”

Wọ́n sì kọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, ìyá ọkọ ló gbé garawa òfìfo náà lórí. Ìyàwó ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń bẹ̀ ẹ́: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fún mi.”

“Fi mí sílẹ̀, ọ̀gá mi. Omi híhó yẹn, ṣé kí n tó fún wàrà ni, àbí lẹ́yìn ẹ̀?”