Ìgbà Tí Mo Ga Ju Bàbá Kíláàsì Lọ

Mo rántí ìgbà tí wọ́n sọ mí di kábọ́ọ̀nù ní Ìkòtún, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì, níbi tí a ti ń múra ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Bàbá mi, tíṣà láti Èkìtì, ti ní bí n kò bá yege lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ àbúrò òun tó ń ṣe fèrèsé ni mo ti máa lọ kọ́ṣẹ́. Ẹ̀rù fèrèsé yẹn bà mí gan-an ni.

Lọ́jọ́ tí olùkọ́ kẹ́mísìrì fẹ́ kọ́ wa bí a ṣe ń to àwọn ẹ̀ka mólékù ní ipò kí a tó sọ ọ́ lórúkọ, àwa gan-an ló fi ṣe mólékù. Bàbá Kíláàsì, ọkùnrin oníyàwó tó ń bá wa kàwé, di kábọ́ọ̀nù kan. Wọ́n fi ọwọ́ kan di ọ́síjìn tiwọn mú, haidirójìn méjì sì rọ̀ mọ́ wọn láṣọ. Èmi tí mo kéré jù fi ọwọ́ méjèèjì di ọ́síjìn tèmi mú, haidirójìn kan ṣoṣo ló tẹ̀ lé mi.

Olùkọ́ ní, "Ẹni tí a bá fi ọwọ́ méjì dì mú, ẹ̀ẹ̀mejì la máa kà á. Ọmọ yìí ti ní ọ́síjìn méjì, Bàbá ní ẹyọ kan. Ẹni tí ọ́síjìn rẹ̀ bá pọ̀ jù ló ń ṣáájú. Ta ló ga jù?"

Gbogbo wa ló yé. Ṣùgbọ́n ta ló máa la ẹnu sọ pé ọmọdébìnrin ga ju bàbá ọlọ́mọ lọ?

"Bàbá ni, sà!" la pariwo. Èmi gan-an ti sún sẹ́yìn fún Bàbá: "Ẹ bọ́ síwájú, sà."

Olùkọ́ káwọ́ lérí. "Kẹ́mísìrì kì í kí àgbà o! Ṣé ẹ fẹ́ tìtorí ìtẹríba féèlì ni?"

Àfi bí ìbéèrè yẹn ṣe jáde lọ́jọ́ ìdánwò. Mo kọ́kọ́ fi ẹ̀ka Bàbá ṣáájú. Mo wá rántí fèrèsé, mo fagi lé e, mo rọra ní, "Ẹ má bínú, sà," mo sì fi tèmi sókè.

Níta, Bàbá Kíláàsì bi mí pé, "Ìbéèrè ọlọ́wọ́ méjì yẹn, ta lo fi ṣáájú?"

Ojú tì mí. "Èmi ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "O ṣeun jàre. Ìwọ lèmi náà fi ṣáájú."

Àwa méjèèjì la wọ yunifásítì. Kẹ́mísìrì ni Bàbá Kíláàsì ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìgàndò báyìí. Bí mo bá pàdé wọn, mo ṣì máa ń kúnlẹ̀ kí wọn, wọn a sì fà mí dìde lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn: "Dìde jàre, ọ̀gá mi."