Ilà Pupa Tí Mo Fà Sáàárín Ìmẹ̀kọ àti Kétu

Bí mo bá dàgbà tí mo hewú, n kò ní gbàgbé Sátidé tí mo sọ ìtàn Ìmẹ̀kọ, ìlú wa, níwájú àwọn àgbà ìlú wa tó ń gbé ní Peckham, nílùú òyìnbó.

Mo ti há orúkọ àwọn ọba wa àti ọdẹ tó tẹ ìlú dó sórí, mo sì kà wọ́n láìfo ẹnì kankan. Lẹ́yìn náà ni mo ya máàpù sórí bọ́ọ̀dù, mo fa ilà pupa sáàárín Ìmẹ̀kọ àti Kétu: Nàìjíríà lápá kan, orílẹ̀-èdè Benin lápá kejì.

Ni ìyá bàbá mi bá dìde, wọ́n tẹ ọ̀pá wá síwájú. Wọ́n nawọ́ sí ilà náà.

“Kí lèyí?”

“Bọ́dà ni, Mama. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

“Kétu ni wọ́n sin bàbá mi sí. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Ìmẹ̀kọ lọ síbi ìsìnkú náà. Mi ò rí ilà kankan lọ́nà.”

Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nu ilà náà títí ó fi parẹ́, tí ọwọ́ wọn pọ́n bí osùn.

Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà sílé, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Nígbà tí a délé, ọwọ́ tèmi náà ti pọ́n.